Eku Tí N Kò Fẹ́ Mú

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí a tò pọ̀ lọ. Mo ti ń retí ohun ńlá, ohun tí èèyàn mẹ́rin yóò gbé wọlé. Inú báàgì ọwọ́ ni Dókítà Yétúndé ti mú un jáde, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gbé e ka orí tábìlì ní ilé ìwé abúlé wa. Ó ní ohun kékeré yìí ni yóò sọ ibi tí ikú tó pa Àyọ̀ká, ìyàwó ọmọ mi, ti wá. Èmi Fábíyìí ọdẹ, tí mo ti bá ẹfọ̀n wojú ara wa rí, mo wá ibi jókòó.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nílẹ̀. Mo mọ ibi tí ikú náà ti wá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un. Ọlátúnjí, ọkọ rẹ̀, ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kò sì mọ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fi lè sọ ọ́, mo ti di ẹni tí kò bímọ nìyẹn.

Ìdí-Igbá là ń gbé, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ́dù. Isu là ń gbìn, èlùbọ́ là ń ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo àpáta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa ló máa ń funfun fún isu tí a bẹ tí a sì sá. Tó bá gbẹ tán, a ó kó o sínú àká. Àwa nìkan kọ́ la mọ ọ̀nà àká náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni Àyọ̀ká bímọ, ọkùnrin. Nílé tiwa, a kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí eku àti ẹja nínú ohun tí a ó fi wúre fún un, eku náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹmọ́, ẹmọ́ tó ti inú igbó wá, tí a yan gbẹ. Iná ti jó gbogbo igbó lọ́dún yẹn. Mo dẹ ìdẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò rí ẹmọ́ kan. Ẹni tó gbọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, á ra ẹmọ́ gbígbẹ lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rí Fábíyìí níbi tó ti ń ná eku, lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ? Mo wọ inú àká mi láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, mo mú eku kan láàárín èlùbọ́. Tí èèyàn ò bá wò ó dáadáa, ó fi díẹ̀ jọ ẹmọ́.

Ìyá Ọlátúnjí ti kú, Dúróríkẹ́ àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Ilérò kò tíì dé. Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló gba eku náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ ti gé e níka lánàá nígbà tó ń bẹ isu. Ó la inú eku náà, ó wò ó, ó ní, “Bàbá, ẹmọ́ yìí mà lọ́mú o. Ọmú rẹ̀ pọ̀ bíi ti ajá.”

Mo ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi ẹran ìgbẹ́ hàn mí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Ó yan án. Lọ́jọ́ kejì a fi kan ọmọ lẹ́nu, a sọ ọ́ ní Ifátóbi, gbogbo wa tọ́ ọ wò, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa. Iná ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Àyọ̀ká nìkan ló ti kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní tútù.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn ni ibà mú un. A ní ibà lásán ni. A fún un lágbo, nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú bó ṣe ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ọ̀fun rẹ̀ dí, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí eyín rẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí, ọjọ́ kẹta ló kú níbẹ̀. Àwọn tó wọ aṣọ tó bò wọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló sin ín. A ò wẹ̀ ẹ́, a ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ibà Lásà ni, wọ́n ní eku ló ń gbé e kiri. Bí mo ṣe gbọ́ eku, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló dá mi jókòó.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Dókítà Yétúndé dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú Isaac, ọkùnrin gbọọrọ kan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sí ilé ìwé.

Dókítà ní, “A ti mọ ohun tó pa á. Ibi tó ti rí i ni a ò mọ̀. Ó lè jẹ́ eku abúlé yìí. Ó sì lè jẹ́ pé èèyàn ló gbé e wọlé láti ibòmíràn.”

Kò wo ẹnì kankan, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé wo Ọlátúnjí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, isu ló ń gbé lọ sí apá Oǹdó, níbi tí ibà yìí ti máa ń jà lọ́dọọdún. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìsọmọlórúkọ ló ti ọ̀hún dé. Ó tẹ orí ba.

Ẹ̀rù ti sọ mí di aláròyé. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ṣé eku á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni?”

Kò bínú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Bàbá, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ìwé nínú ara rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ti kòkòrò Lásà kúrú, kò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́tà ó lé díẹ̀ lọ. RNA là ń pe irú ìwé tirẹ̀. Ó tètè ń bàjẹ́, nítorí náà a ó kọ́kọ́ dà á kọ sí DNA, èyí tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀rọ yìí ní àwọn ihò tó kéré débi pé okùn ìwé náà nìkan ló lè gba ibẹ̀, iná díẹ̀ sì ń gba inú ihò yẹn kọjá. Bí okùn náà ṣe ń wọ́ lọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dí iná náà lọ́wọ́ lọ́nà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mi ò fẹ́ kó yé mi, ó sì yé mi. Bíi kí èèyàn dijú, kí ó máa fa okùn oníkókó gba àárín ìka rẹ̀: kókó kékeré rèé, ńlá rèé, ńlá tún rèé. Bó ṣe wù kó ṣókùnkùn tó, ìka á mọ̀ ọ́n.

“Ibi tó ti wá ńkọ́?”

“Kòkòrò náà ń da ìwé rẹ̀ kọ ṣáá, ó sì máa ń ṣì í kọ. Àṣìṣe tó bá ṣe níbì kan, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbà á, wọ́n á máa gbé e lọ. Bí ẹ bá rí ilà lójú àgbàlagbà kan, ṣé ẹ ò ní mọ ìlú tó ti wá? Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. A ó ka ìwé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Àyọ̀ká, a ó ka èyí tó wà nínú eku ibí, a ó gbé wọn síra. Eku la nílò báyìí. Ta ni ọdẹ níbí?”

Gbogbo ẹnu ló pe orúkọ mi.

Ogún àgò onírin ni wọ́n kó fún mi. Dókítà ní inú ilé olóògbé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n dẹ wọ́n sínú àká àti ilé ìdáná. Isaac fẹ́ bá mi lọ. Mo ní, “Èèwọ̀ ni. Ọdẹ kì í mú àlejò dé ìdí ìdẹ.” Irọ́ ni, kò sí èèwọ̀ tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé máa ń bẹ̀rù èèwọ̀ wa ju àwa tí a ni ín lọ, ó sì padà lẹ́yìn mi.

Mo gbé àgò méjìdínlógún lọ sí oko mi tó jìnnà, lábẹ́ àpáta, níbi tí n kò ti rò pé eku burúkú kankan wà. Mo kó méjì tó kù sínú àká, nítorí ẹni tó bá yọjú síbẹ̀. N kò fi oúnjẹ sí wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn wọn pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó eku mẹ́rìnlá fún Isaac. Mo ní méje nínú wọn, inú àká mi ni. Ó fi bírò kọ ọ́ sára àgò wọn: Àká Fábíyìí. Mo dúró tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo imú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ eku, wọ́n ń fi oògùn pò ó nínú ike tí kò tó ìka ọmọdé. Mo máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá kí wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti dún, n ó na ọrùn wò ó. Mo máa ń rò ó pé bóyá eku àká ti rìn dé oko lọ́jọ́ kan rí, bóyá ó ti bá ti oko gun. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè, ẹ̀rù bà mí pé ìbéèrè náà á tú mi fó.

Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà pe èmi àti Ọlátúnjí. Ojú rẹ̀ kò dùn.

“Kò sí kòkòrò náà nínú eku kankan,” ó ní. “A sì ti ka ti Àyọ̀ká tán. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ti kà sílẹ̀ ṣáájú, ti apá Oǹdó ló súnmọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n kò súnmọ́ ọn tó. Lẹ́tà tó yàtọ̀ pọ̀ jù, kò dá mi lójú.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ṣé inú àká yín gan-an ni ẹ ti mú méje yẹn?”

Mo ní, “Inú àká ni.”

“Kò ju inú àká lọ?”

“Mo ní inú àká ni.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí òun lè sọ fún ìsinsìnyí ni pé ó jọ pé ọ̀nà ọkọ̀ ló gbà wọlé.

Ọlátúnjí kò ké. Ó ní, “Orí fọ́ mi nínú ìrìnàjò yẹn. Ara mi gbóná fún ọjọ́ méjì, n kò sọ fún ẹnì kankan. Àyọ̀ká ti ní kí n má lọ.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́. “Èmi ni mo pa á.”

Dókítà ní kò sí ẹni tó pa ẹnì kankan, ṣùgbọ́n kí ó máa dá sùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ó má fọwọ́ kan ọmọ. Àwọn yóò dúró sí abúlé láti máa wọn bí ara gbogbo wa ṣe ń gbóná tó.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́: ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi ni ìtura. Kò tó wákàtí kan tó fi bàjẹ́. Yàrá kan tó ṣófo lẹ́yìn ilé ìwé ni Ọlátúnjí kó lọ. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á wá dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀nà jíjìn, Dúróríkẹ́ á sì gbé Ifátóbi sókè kó lè rí i. Lọ́jọ́ kan ó ké sí mi láti ibẹ̀ pé, “Bàbá, tí mo bá ní kí n súnmọ́ ọn, ẹ má gbà fún mi. Ohun yòówù kí n sọ, ẹ má gbà.” Mo ní mo gbọ́. Mo wọlé lọ, mo fi ojú mi sí ara ògiri.

Ohun tó tún wá ń já mi láyà ni àká. Eku wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà lára wọn. Mo sọ fún Dúróríkẹ́ pé kó má wọ ibẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Bùọ̀dá mi, èwo ni kí n máa fi ro ọkà, afẹ́fẹ́? Ṣebí wọ́n ti yẹ eku ibẹ̀ wò, wọ́n ní kò ní nǹkan kan lára.”

Ó pọn ọmọ, ó wọ àká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìgbẹ́ eku kúrò lórí èlùbọ́ bó ṣe máa ń gbá a láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù, mo ra oògùn eku, mo da á sí gbogbo kọ̀rọ̀ àká. Mo ní bí wọ́n bá kú tán, ọ̀rọ̀ náà á kú mọ́ wọn nínú. Ọdẹ ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé ẹran tó bá jẹ májèlé kì í dúró sí ihò rẹ̀. Òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́, á jáde, á máa wá omi kiri. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ inú ilé lọ́sàn-án gangan. Mo ń fi igi pa wọ́n, mo ń sin wọ́n, mo ń fọ ọwọ́ mi títí ó fi bó. Mo yọ méjì lábẹ́ àdògán. Mo yọ ọ̀kan nínú bàtà ara mi.

Mo ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá Dúróríkẹ́ níbi tó ti ń gbọn aṣọ ọmọ síta. Ó ní eku kan wá kú sórí ẹní Ifátóbi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó sì tọ̀ sára aṣọ. Ó ti mú un nírù jù sígbó. Ó gbọn aṣọ náà, ó fẹ́ tún fi bo ọmọ.

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sun ún. Ó ní kí ló dé tí mo sun aṣọ tó ṣì dára. Mo ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń ṣe: mo ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ tutù fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe ń fi ọ̀yàyà kí gbogbo èèyàn ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn, bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ láre.

Lọ́jọ́ keje, nígbà tí Isaac wá wọn ara wa, ó wọn ti Ifátóbi lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré lọ pe Dókítà.

Dókítà dé, ó wo ọmọ náà, ó rí i pé kò gba oúnjẹ, pé ojú rẹ̀ ti wú díẹ̀. Ọlátúnjí ti dúró sábẹ́ máńgòrò. Dókítà ké sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?”

Ọmọ mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú iyanrìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni. Lọ́jọ́rú, nígbà tó ń sùn, tí Àǹtí Dúróríkẹ́ lọ pọnmi. N kò gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn, mo sì ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi kí n tó wá.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ náà lu ilẹ̀. “Mo ti pa ìyá, mo tún ti pa ọmọ.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi kò tó ogún ọjọ́. Mo ní, “Ọlátúnjí, dìde. Kì í ṣe ìwọ.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ẹmọ́ tí kì í ṣe ẹmọ́. Mo sọ ti àgò tí n kò dẹ, ti eku oko, ti oògùn, ti aṣọ tí mo sun. Dúróríkẹ́ gbé ọwọ́ lérí. Ọlátúnjí kò kúrò lórí orúnkún rẹ̀, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Dókítà ní, “Isaac, dẹ àká. Èmi ń gbé ọmọ lọ sí Ṣakí. Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ nínú ilé yẹn.” Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Eku mẹ́sàn-án ni Isaac mú nínú àká lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì hú gbogbo èyí tí mo ti pa tí mo sì sin. Wọ́n ka ìwé inú wọn. Wọ́n ka ti ọmọ náà pẹ̀lú, ní ọsibítù, lórí tábìlì kan ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi aṣọ gé. Ọjọ́ méjì ni a fi jókòó síta wọ́ọ̀dù, èmi sórí àga kan, Ọlátúnjí sórí òmíràn tó jìnnà sí tèmi. Wọ́n ti ń gún Ifátóbi lábẹ́rẹ́ oògùn Lásà. Ìdajì àdúrà mi ni pé kó yè. Ìdajì kejì, ojú ń tì mí láti wí i: mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ inú ọmú ìyá rẹ̀ ló ti mu ún, kí ó tó di pé mo purọ́. Dókítà ti sọ fún wa pé kíka ọjọ́ kò lè là á. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú kẹ́yìn lè bí i, ọjọ́ eku orí ẹní náà lè bí i. Lẹ́tà nìkan ló lè sọ ọ́.

Dókítà jáde síta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ti Ọlátúnjí. “Ṣé kí n sọ ọ́ fún yín ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?”

Ọlátúnjí ní, “Ẹ sọ ọ́ lójú wọn.”

“Méjì nínú eku àká ló ní kòkòrò náà. Àwọn gan-an ni ìbátan tí mo ń wá: ti Àyọ̀ká bá ti ọ̀kan mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi lẹ́tà méjì. Kò bá ọkọ̀ yín wá. Ẹ̀fọ́rí ìrìnàjò yín, ẹ̀fọ́rí lásán ni.” Ó ṣí ìwé náà sí ojú kejì. “Ti eku kejì yàtọ̀ sí ti Àyọ̀ká níbi mọ́kànlá. Ní gbogbo ibi mọ́kànlá yẹn, ohun tó wà nínú eku kejì ló wà nínú ọmọ yìí.”

Ọlátúnjí ní, “Ìyẹn ni pé?”

“Kì í ṣe inú ọmú ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Eku àká ló fún un, lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀.”

Ọlátúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan, láti àtàǹpàkò lọ, mo sì mọ̀ pé láti àárọ̀ tí mo ti kó eku mẹ́rìnlá fún Isaac ló ti ń ka ọjọ́. Nígbà tó kà á tán, ó wọ wọ́ọ̀dù lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ibà náà lọ. Ifátóbi la ojú, ó mu mílíìkì, ó tún mu sí i. Dúróríkẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì bí ọkùnrin. Wọ́n gbà mí láyè láti wọlé, mo bo imú, mo dúró ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, mo ń wo ẹsẹ̀ kékeré méjì yẹn bó ṣe ń ta. Ọlátúnjí gbé e lé àyà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lé mi jáde. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ohun tó bá ti yè, a ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lẹ́yìn wa já abọ́ onírin ńlá kan sílẹ̀. Gbogbo wọ́ọ̀dù fò. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn kejì figbe ta. Èmi pàápàá fọwọ́ di àyà mú.

Ifátóbi ń wo òkè àjà. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

Ọlátúnjí wo abọ́ nílẹ̀, ó wo ọmọ. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá ti òsì. Dókítà Yétúndé yára súnmọ́ wa, ó ní Lásà máa ń mú etí àwọn mìíràn tó bá dá sí, pé fún àwọn mìíràn ó máa ń padà, kí a má tíì sọ ohunkóhun. Ọlátúnjí kò wò ó. Èmi ló gbójú sókè wò, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá.

Ó ní, “Bàbá, ẹ pè é.”

Mo yọ ìbòmú mi. Mo pe orúkọ tí èmi fúnra mi sọ ọ́. Mo pè é bí a ṣe ń pe ara wa láti orí àpáta kan sí ìkejì nínú igbó, àwọn tó wà níta sì yọjú lójú fèrèsé láti wo ẹni tó ń pariwo. Ọlátúnjí ní kí n tún pè é. Mo tún pè é.